Nígbà Tí Káàdì Bá Doríkodò: Ìtumọ̀ Owó Márùn-ún Nínú Àyẹ̀wò Táró

Nígbà tí Ẹ̀ka wa kéde àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwọn kan pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú páálí tí àwọn òyìnbó fi ń wo ọjọ́ ọ̀la. Ìbéèrè náà tọ́. N kò mọ káàdì í wò fún ẹnikẹ́ni, n kò sì gbà pé páálí tí a tẹ àwòrán sí lára mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la. Kí àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà tí ó wà láàrin wa fọkàn balẹ̀. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ìtumọ̀. Ìtumọ̀ ni iṣẹ́ mi, mo sì ti jẹ ẹnì kan ní gbèsè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti obìnrin ará ibẹ̀ kan jọ ń gbé inú ilé kan náà. Yàrá tirẹ̀ wà lókè, tèmi wà nísàlẹ̀. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná janjan, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa òtútù. Kí ọdún tó parí, ó mú díẹ̀ nínú owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ń wo káàdì. Awokáàdì jókòó sí ìhà kan tábìlì, òun náà jókòó sí òdìkejì. Káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún un. Owó Márùn-ún ni, ó sì doríkodò. Awokáàdì náà yọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òṣì ni káàdì yìí, ṣùgbọ́n bí ó ti doríkodò yìí, òṣì náà ti tán nìyẹn. Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi iṣẹ́ kékeré kan lọ̀ ọ́ ní ilé ìfọṣọ. Ó kọ̀ ọ́, nítorí pé ó gbà pé èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí ó pẹ́ tí kò rí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó yá ìwé pẹlẹbẹ kan tí kò ní àwòrán, irú èyí tí ó máa ń bá káàdì Táró wá nínú páálí rẹ̀. Ó wo ìtumọ̀ Owó Márùn-ún tí ó doríkodò. Ohun tí ó kà níbẹ̀ ni rúdurùdu, ìparun, àìṣọ̀kan, ìṣekúṣe. Ó gbé ìwé náà sọ̀kalẹ̀ wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó fi ọwọ́ júwe káàdì tí ó rí fún mi, fèrèsé tí iná wà nínú rẹ̀ lókè, ènìyàn méjì nísàlẹ̀ nínú yìnyín, lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí pé, "Ìwọ tí ó ń kọ́ nípa ìtumọ̀, èwo nínú méjèèjì ni òótọ́?" Mo dá a lóhùn pé ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fọ̀ nígbà tí a kò bá mọ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kiri. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí Táró rí, káàdì 78 ni. A ń pe 22 nínú wọn ní Káàdì Ńlá. Inú wọn ni a ti ń rí Ikú, Oòrùn, Ilé Ìṣọ́ àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn 56 tí ó kù ni Káàdì Kékeré. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n pín sí, èyíinì ni Ọ̀pá, Ife, Idà àti Owó, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì 14: láti oókan dé ẹ̀wá, àti ará ààfin mẹ́rin, ìránṣẹ́, ẹlẹ́ṣin, ayaba àti ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fojú tín-ín-rín àwọn Káàdì Kékeré, nítorí pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ: owó ilé, lẹ́tà, ìjà ọ̀rẹ́ méjì, ìrìn àjò. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ti le jù. Ikú àti Oòrùn kò ní kí ẹnikẹ́ni bá wọn túmọ̀ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí owó márùn-ún lórí páálí kò tíì rí nǹkan kan.

Eré ni Táró ní ìbẹ̀rẹ̀. Àríwá ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ṣe é. Àkọsílẹ̀ kan láti Florence ti dárúkọ rẹ̀ ní ọdún 1440. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí àwọn ènìyàn fi ń ta á gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta ayò, kí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tó gbalẹ̀ nídìí rẹ̀. Michael Dummett, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ní Oxford, ni ó kó ẹ̀rí èyí jọ nínú ìwé ńlá kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1980. Ní 1781 ni Antoine Court de Gébelin kọ ọ́ ní Paris pé ìwé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ni Táró í ṣe. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé ní 1781 tí ó lè ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Íjíbítì wọ̀nyẹn kọ sára ògiri. Ọdún 1822 ni Champollion ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àdììtú rẹ̀. Àwa tí a ti rí oríṣiríṣi ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tí wọ́n so mọ́ Íjíbítì láìsí ẹ̀rí, ẹnu kò gbọdọ̀ yà wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù ni Jean-Baptiste Alliette, ará Paris, tí ó ka orúkọ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Etteilla. Ní 1770 ni ó tẹ ìwé jáde lórí bí a ti ń fi káàdì ayò lásán ṣe àyẹ̀wò, ó sì fún káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan nígbà tí ó bá nàró, èkejì nígbà tí ó bá doríkodò. Lẹ́yìn tí Court de Gébelin sọ̀rọ̀ tán, Etteilla gbé ọgbọ́n kan náà lọ sídìí Táró. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí pé ẹni tí ó kọ́ aráyé ní ìtumọ̀ ìdoríkodò ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dorí orúkọ ara rẹ̀ kodò.

Kí káàdì tó lè doríkodò, ó gbọ́dọ̀ ní orí. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀ wà. Nínú Táró àtijọ́ tí a mọ̀ mọ́ Marseille, owó roboto márùn-ún pẹ̀lú òdòdó díẹ̀ ni Owó Márùn-ún. Mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan wà láàrin. Bí o yí i sókè, bí o yí i sísàlẹ̀, ọgbọọgba ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Etteilla mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí ó ṣe káàdì tirẹ̀ jáde ní 1789, ọ̀rọ̀ ni ó tẹ̀ sí orí àti ìdí káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ń wò ó lè mọ èyí tí ó nàró àti èyí tí ó doríkodò. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdoríkodò kò bá àwòrán ṣe pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ń dojú kọ ọ̀rọ̀ mìíràn láti ìkángun kan páálí dé ìkángun kejì.

Àwòrán dé ní 1909. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Rider ní London gbé káàdì kan jáde tí ó borí gbogbo ìyókù títí di òní. Arthur Edward Waite ni ó dá ètò rẹ̀, Pamela Colman Smith ni ó sì yà á. Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa obìnrin yìí, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń dárúkọ Waite àti ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ káàdì náà, tí wọn kò dárúkọ rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní 1878, ará Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Jàmáíkà. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìtàn Ànáńsí, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó ní ilẹ̀ Akan gbé kọjá òkun, ẹni tí ìwà rẹ̀ àti ti Ìjàpá wa jọra gidigidi. Ó tẹ ìwé jáde lórí ìtàn wọ̀nyí ní 1899. Asọ̀tàn ni kí ó tó ya káàdì, ìdí sì nìyẹn, lójú tèmi, tí kò fi lè ya owó márùn-ún kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ya ènìyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ sínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Káàdì Kékeré. Káàdì kan wà ní Ítálì láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí a ń pè ní Sola Busca, tí ó ti ṣe irú rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní 1907, ó sì jọ pé Smith rí i níbẹ̀. Owó tí ó gbà lórí iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ráhùn bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Alfred Stieglitz ní 1909. Inú gbèsè ni ó kú sí ní Bude, ní Cornwall, ní 1951.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo Owó Márùn-ún tí ó yà. Òru ni. Yìnyín ń bọ́, ilẹ̀ sì ti funfun. Òtòṣì méjì ń kọjá lọ. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin; ó fi ìborùn tí ó ti gbó bo orí, ó tẹrí ba, kò sì wọ bàtà nínú yìnyín. Èkejì ń fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn rìn, wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, agogo kékeré kan sì wà ní ọrùn rẹ̀. Agogo yìí mú kí àwọn kan rántí àwọn adẹ́tẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, tí wọ́n ń mi agogo kí àwọn ẹlòmíràn lè yà kúrò lọ́nà fún wọn. Lókè orí àwọn méjèèjì ni fèrèsé aláwọ̀ mèremère wà, irú èyí tí a ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iná wà nínú ilé. Ara fèrèsé yìí ni owó wúrà márààrún wà, bí èso lára igi. Owó wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀, dígí kan ṣoṣo ni ó wà láàrin. A rí fèrèsé, ṣùgbọ́n a kò rí ilẹ̀kùn níbi kankan.

Ẹ bá mi ṣí ìwé tí Waite kọ láti bá káàdì náà rìn. Ní ti àwòrán, gbólóhùn kan péré ni ó sọ: ó ní alágbe méjì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí iná wà nínú rẹ̀. Ní ti ìtumọ̀ ìnàró, ó ní ìyọnu nípa ohun ti ayé ni, pàápàá òṣì. Ibi tí ó tẹ̀ lé e ni mo ti dúró pẹ́. Ó ní àwọn awokáàdì mìíràn a máa túmọ̀ káàdì yìí sí ìfẹ́, ọkọ, aya, ọ̀rẹ́, àlè, àti ìrẹ́pọ̀. Ó sì jẹ́wọ́ pé ìtumọ̀ méjèèjì kò ṣeé mú bára mu. Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ yìí ni ó wá kọ ìtumọ̀ ìdoríkodò kalẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan sí i: rúdurùdu, ìparun, àìṣọ̀kan, ìṣekúṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí a ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí ìnàró bá jẹ́ òṣì, báwo ni ìṣekúṣe ṣe di ìdoríkodò rẹ̀? Kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìnàró bá jẹ́ ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ lọ́kọláya, ọ̀rọ̀ náà yé wa kíá: ìfẹ́ tí ó doríkodò di ìṣekúṣe, ìrẹ́pọ̀ tí ó doríkodò di àìṣọ̀kan, ilé tí ó wà létò di rúdurùdu. Ẹ̀rí wà fún èyí. S. L. MacGregor Mathers tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí Táró ní London ní 1888. Ìfẹ́ mímọ́ ni ìnàró Owó Márùn-ún níbẹ̀, ìfẹ́ onítìjú àti ìṣekúṣe sì ni ìdoríkodò rẹ̀. Ẹnu Etteilla àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀ wá.

Níbo wá ni òṣì ti wá? Láti inú ẹgbẹ́ awo kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1888, tí wọ́n ń pè ní Golden Dawn ni. Mathers yìí kan náà wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Waite wọ ẹgbẹ́ náà ní 1891, Smith wọ̀ ọ́ ní 1901. Nínú àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀ ẹgbẹ́ náà, tí Israel Regardie tẹ̀ fún gbogbo ayé rí láàrin 1937 sí 1940, oyè tí wọ́n fi Owó Márùn-ún jẹ ni Olúwa Ìyọnu Ohun Ti Ayé. Ìwé yìí kan náà sọ pé bí káàdì nàró, bí ó doríkodò, agbára kan náà ni ó ní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìdoríkodò sí. Àwọn káàdì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ bóyá rere rẹ̀ tàbí búburú rẹ̀ ni yóò lékè.

Ohun tí mo ń sọ ni pé baba méjì ni káàdì yìí ní, àwọn baba náà kò sì gbé agbo ilé kan náà rí. Ìnàró rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé Golden Dawn, ilé tí kò ka ìdoríkodò sí nǹkan kan. Ìdoríkodò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé Etteilla, níbi tí ìfẹ́ ti wà lórí àga ìnàró. Waite yọ ìfẹ́ lóyè, ó fi òṣì jẹ, ṣùgbọ́n ó fi ìránṣẹ́ ìfẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ti ń bá ìránṣẹ́ yìí wí pé kò mọ bí a ti ń jẹ́ iṣẹ́ òṣì. Bí ẹnì kan bá bá irú èyí pàdé nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé akọ̀wé ti da ìwé méjì pọ̀. Nínú Táró, nítorí pé a gbà pé ohun ìjìnlẹ̀ ni, àwọn ènìyàn ń wá ọgbọ́n sí ibi tí àṣìṣe wà.

Ó dára kí a ronú díẹ̀ lórí ohun tí ìdoríkodò lè ṣe sí àmì kan, nítorí pé àwa náà ní àpẹẹrẹ. Nínú àrokò, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ méjì kí wọ́n kọjú síra, ìpàdé àti ìfẹ́ ni ó fi ránṣẹ́; bí ó bá so wọ́n kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìyapa àti ìjà ni. Ìyípadà yìí lágbára nítorí pé ẹnì kan ni ó mọ̀ọ́mọ̀ so ó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbà á sì mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ti Ifá tún yàtọ̀. Bí a bá ka Ìrosùn láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan, méjì, méjì ni. Bí a bá dorí rẹ̀ kodò, kò di Ìrosùn búburú. Ọ̀wọ́nrín ni yóò dà, tí ó ní orúkọ tirẹ̀, ẹsẹ tirẹ̀ àti ẹbọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn, bẹ́ẹ̀ ni ti Ògúndá àti Ọ̀sá. Bí babaláwo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, ìbò ni yóò fi béèrè lọ́tọ̀. Kì í wo bóyá Odù dúró lórí tàbí lẹ́sẹ̀. Àti pé ẹni tí ó jókòó kọjú sí babaláwo, tí ó ń wo ìyẹ̀rosùn láti òdìkejì, Ọ̀wọ́nrín ni yóò máa rí níbi tí babaláwo ti tẹ Ìrosùn. Ojú babaláwo ni a fi ń kà á, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Káàdì tí ó doríkodò kò dọ́gba pẹ̀lú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ yí i bí olùfiránṣẹ́ ti ń yí owó ẹyọ. Ọwọ́ tí ń da káàdì rú ni ó ṣèèṣì yí i. Kò sì di káàdì mìíràn tí ó ní ìwé tirẹ̀. Káàdì kan náà ni ó ṣì jẹ́, pẹ̀lú àwòrán kan náà, a sì ní kí òǹkàwé wá ìtumọ̀ kejì fún un. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti sáré mú èyí tí ó wà nítòsí jù, èyíinì ni òdìkejì: bí ìnàró bá burú, kí ìdoríkodò dára, bí ìnàró bá dára, kí ìdoríkodò burú. Èyí kì í ṣe ìtumọ̀ rárá, ìṣirò ni.

Àwọn òǹkàwé òde òní ti rí àléébù yìí. Mary K. Greer kọ odidi ìwé kan lórí ìdoríkodò ní 2002, ó sì to oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà kà á: bóyá agbára káàdì náà ni wọ́n dí lọ́nà, bóyá ó pẹ́ kí ó tó dé, bóyá inú ọkàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dípò gbangba, bóyá ó ń tú sílẹ̀. Ní ti Owó Márùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ìdoríkodò rẹ̀ ni ìgbà tí òṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, tí a rí ẹni ran ni lọ́wọ́, tí a kúrò nínú yìnyín. Kò sí èyí nínú ìtumọ̀ ìdoríkodò tí Waite kọ. Òdìkejì rẹ̀ pátápátá ni ó kọ. Mo gbé òṣùbà fún wọn síbẹ̀, nítorí pé wọ́n fi àkójọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ka iṣẹ́ Smith. Awokáàdì tí ó yọ̀ mọ́ aládùúgbò mi wà nínú agbo yìí. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni pé ó ka àwòrán náà ní ìdajì.

Ẹ fi ojú inú yí àwòrán náà padà pẹ̀lú mi. Ilẹ̀ yìnyín lọ sókè, ó di àjà. Fèrèsé sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀, òun ni ó wá sún mọ́ wa jù. Orí àwọn òtòṣì náà, tí ó ti wà lábẹ́ fèrèsé láìkọjú sí i, wá ń tọ́ka sí ibi tí iná wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtùnú yóò rí i níbẹ̀: orí wọn ti kọ sí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn wà lókè, obìnrin náà kò tíì rí bàtà, ọ̀pá ìtìlẹ́yìn kò kan ohun tí ó lè gbé ènìyàn dúró. Bí wọ́n bá sún mọ́ ilé náà, ìṣubú ni yóò gbé wọn dé ibẹ̀. Àti ìdí pàtàkì jù lọ: bí a ti yí i tó, ilẹ̀kùn kò yọ. Bí àtúnṣe bá wà fún òṣì wọn, kì í ṣe inú ìyípo páálí ni ó wà.

Ibì kan wà tí mo ti rí i, ẹnu sì yà mí nígbà tí mo rí i. Nínú ìwé ìkọ̀kọ̀ Golden Dawn tí mo mẹ́nu bà, níbi tí wọ́n ti to ìtumọ̀ Owó Márùn-ún jọ, òṣì wà, àdánù owó àti ipò wà. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ni làálàá, iṣẹ́ ilẹ̀ àti ilé kíkọ́ wà pẹ̀lú, ó sì fi kún un pé nígbà mìíràn owó tí ó sọnù a máa padà lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekára. Kò sọ pé kí a dorí káàdì kodò kí èyí tó ṣẹ. Inú káàdì kan náà, ní ìdúró kan náà, ni òṣì àti ìpadàbọ̀ owó jọ wà, iṣẹ́ ni ó sì wà láàrin wọn. Waite ka ìwé yìí, nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ó mú òṣì nínú rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá lọ yá ìdoríkodò lọ́dọ̀ àwọn ará ilé kejì.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé Owó Márùn-ún tí ó doríkodò wá síwájú mi lónìí, èsì mi kò ní rí bíi ti ìgbà náà. N kò ní sọ pé méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Màá sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ yẹn kò jẹ́ ti àwòrán yìí, nítorí náà kí ó má ṣe bẹ̀rù ìparun tí a kọ fún káàdì ìfẹ́. Màá sì sọ pé ayọ̀ awokáàdì náà kò ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró nínú àwòrán. Ohun tí ó kù nígbà tí a bá yọ méjèèjì kúrò ni ènìyàn méjì tí òtútù ń mú, ilé kan tí ó móoru, àti ìbéèrè ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ilé ìfọṣọ tí obìnrin náà kọ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan. N kò mọ̀ ọ́n sọ fún un nígbà náà. Kí èmi tó kẹ́kọ̀ọ́ tán ni ó ti kó kúrò nínú ilé náà, a kò sì rí ara wa mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí mo fẹ́ sọ, ọdún púpọ̀ sì ti kọjá kí ó tó yé mi. Mo ti sọ fún yín pé awokáàdì jókòó sí ìhà kan tábìlì, obìnrin náà jókòó sí òdìkejì. Ojú awokáàdì ni wọ́n fi pinnu pé káàdì náà doríkodò. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ wá bá mi tí ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀, fèrèsé ni ó gbé sókè, àwọn ènìyàn méjèèjì ni ó sì fi sísàlẹ̀, lórí ẹsẹ̀ wọn, nínú yìnyín. Láti ibi tí òun jókòó sí, káàdì náà nàró.